Ta ló ń ju táwẹ̀lì gan-an? Ìjíròrò lórí àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti orí pápá

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ ṣe WAEC. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn kọ àkànlò èdè rẹpẹtẹ sójú pátákó, ó ní kí wọ́n lọ há gbogbo rẹ̀ sórí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, ọmọ mi kọ ọ́ pé "win hands down" ni pé èèyàn jìyà títí apá rẹ̀ fi wálẹ̀ kó tó borí. Òdo ni wọ́n fún un, wọn ò sì sọ ìdí. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń há wá láti inú eré tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ládùúgbò wa: kíríkẹ́ẹ̀tì, gọ́ọ̀fù, béésìbọ́ọ̀lù, eré ẹṣin. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé kò yẹ kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú ìdánwò, kí ọmọ kọ Gẹ̀ẹ́sì tó yè kooro kó sì máa bá tiẹ̀ lọ?

* * *

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mí, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gbèjà ọmọ yín ná. Ọmọ yẹn ronú. Lójú Yorùbá, ẹni tí apá rẹ̀ wálẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ohun tí kò sí níwájú rẹ̀ ni ẹṣin. Bí ìdíje ẹṣin bá le, ẹni tó gùn ún a tẹ̀ síwájú, a di ìjánu mú, a máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ọrùn ẹṣin bó ṣe ń sáré. Bó bá wá bojú wẹ̀yìn tó rí i pé àwọn tó kù ti jìnnà réré, a sọ ọwọ́ kalẹ̀, a dẹ ìjánu, ẹṣin a sì gbé e kọjá òpó ìparí ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Òun ni "hands down": kéèyàn borí láì làágùn. Òdìkejì ohun tí ọmọ kọ gan-an ni, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ nígbà tí wọ́n kọ gbólóhùn sójú pátákó tí wọn ò dárúkọ ẹṣin?

Yíyọ ọ́ kúrò ni mi ò fara mọ́. WAEC ń béèrè rẹ̀, JAMB ń béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ yọ ọ́ nínú ìdánwò lónìí, wọn ò lè yọ ọ́ lẹ́nu ọ̀gá tó máa gbà á síṣẹ́ lọ́la, wọn ò sì lè yọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn. Ohun tí mò ń bá jà ni kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní gbólóhùn láì kọ́ ọ ní eré tó bí i. Ẹ sọ eré náà fún ọmọ, gbólóhùn á dúró fúnra rẹ̀.

* * *

Èsì yín ti pọ̀, mo sì ti kà á. Àwọn tó pọ̀ jù ní àwọn náà há a sórí, àwọn sì yege, kí ọmọ lọ há tiẹ̀. Àwọn kan ní kó máa ka ìwé ìtàn, yóò bá wọn pàdé níbẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi ọ̀rọ̀ eré tiwa rọ́pò tiwọn. Mo máa dé ibẹ̀ tó bá yá.

Ẹ̀yin tí ẹ há a sórí, ẹ yege lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì. Mo jókòó níbi ọ̀kan tí àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba kan ti dìde sọ̀rọ̀. Ó ti fi ọdún 35 sìn láìsí àbàwọ́n, àǹkárá ẹbí kún gbọ̀ngàn, àwọn ọmọ rẹ̀ ń yà á ní fọ́tò. Ó gba gbohùngbohùn, ó ní lónìí òun "throw in the towel". Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Bàbá náà rò pé òun ń sọ pé òun ti parí iṣẹ́ òun láyọ̀. Ohun tó sọ ni pé wọ́n lu òun títí òun fi gbà pé òun ò lè mọ́. Ó ti há a sórí láti kékeré pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn jáwọ́, ó sì jáwọ́ lóòótọ́. Ìjà tó wà nínú rẹ̀ ni wọn ò sọ fún un.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ríìngì. Akànṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igun tirẹ̀, ó sì ní àwọn tó dúró tì í níbẹ̀: ẹni tó ń fún un lómi, ẹni tó ń dí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn sí i lójú, àti ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Táwẹ̀lì wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi ń nu òógùn rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀ṣẹ́ tí ọmọ àwọn ń gbà lè pa á, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì fẹ́ gbà, wọ́n á ju táwẹ̀lì yẹn sáàárín ríìngì, kí rẹfirí lè dá ìjà dúró. Láyé àtijọ́, kànìnkànìn tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ lójú ni wọ́n máa ń jù sókè.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, ní Las Vegas, Tyson Fury ń lu Deontay Wilder bí ẹní lu bàrà. Ní ráùǹdì keje, Mark Breland tó wà ní igun Wilder ju táwẹ̀lì. Inú bí Wilder gidigidi. Ó ní ì bá tẹ́ òun lọ́rùn kí wọ́n jẹ́ kí òun jà á dópin, ó sì lé Breland kúrò lẹ́yìn náà. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń jà kọ́ ló ju táwẹ̀lì? Ẹni tó fẹ́ kó wà láàyè ló jù ú. Ẹ wá fi èyí wé ti Anthony Joshua, ọmọ tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ní Madison Square Garden, Andy Ruiz gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹrin, rẹfirí dá ìjà náà dúró ní ráùǹdì keje. Kò sẹ́ni tó ju táwẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Joshua "threw in the towel" ti purọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́nu ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn Òyìnbó gbà kí ẹni tó ń jà ju táwẹ̀lì fúnra rẹ̀, ìdánwò náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìpalára ò kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó gbìyànjú òwò títí gbèsè fi bò ó mọ́lẹ̀ lè sọ ọ́. Ẹni tó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

* * *

Ẹ ní kí n má kúrò nídìí ẹ̀ṣẹ́. Ó dáa.

"Hit below the belt" rọrùn, ọmọdé mọ̀ ọ́n: ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì ni ibi tí òfin ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Ọ̀rọ̀ tó dun ẹlòmíì nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn lẹ fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ń bá ẹnì kan jiyàn lórí owó orí, tí ẹ wá mẹ́nu ba àìríbí ìyàwó rẹ̀, ìyẹn gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá ní ìṣirò rẹ̀ kò pé, ìyẹn ò kúrò lórí bẹ́líìtì, bó ti wù kó ta á lára tó.

"Up to scratch" ni wọ́n máa ń kùnà jù. Ọmọ á gbọ́ "scratch", á ronú ara yíyún. Ilà kan ni. Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi ọwọ́ lásán jà ní London, wọ́n máa ń fa ilà kan sáàárín ojú ìjà. Lábẹ́ òfin wọn ti ọdún 1838, ẹni tó bá ṣubú ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láti fi sinmi, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ láti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ìdí ilà, láìsí ẹni tó dì í mú. Bí kò bá dé ibẹ̀, ó ti pàdánù. Nítorí náà iṣẹ́ tí kò "up to scratch" ni iṣẹ́ tí kò dé ibi tí ilà wà.

Ní ti "saved by the bell", ẹnì kan gbé ìtàn pósí wá: pé wọ́n máa ń so agogo mọ́ òkùn sínú sàréè, kí ẹni tí wọ́n bá ṣèèṣì sin láàyè lè fà á. Òótọ́ ni pé àwọn kan ṣe irú pósí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí ò tibẹ̀ wá. Ẹ̀ṣẹ́ ló bí i: wọ́n ti gbé ẹ ṣubú, rẹfirí ń kà, agogo ìparí ráùǹdì sì dún kó tó ka mẹ́wàá. Òfin tí ọ̀pọ̀ ìjà ń tẹ̀ lé lóde òní ò tiẹ̀ gbà kí agogo gba ẹnikẹ́ni là mọ́. Gbólóhùn náà ṣì wà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ìkòròdú ní bọ́ọ̀lù nìkan ló kàn wá, ká fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ó tún ní "shift the goalpost" tí gbogbo wa ń sọ ló tọ̀nà, pé ìwé ló ń da "move the goalposts" bò wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa òpó góòlù. Ẹni tó bá ti gbá mọ́ńkì-póòsì rí mọ gbólóhùn yìí ju Òyìnbó lọ, torí òpó tiwọn rì mọ́lẹ̀. Tiwa, òkúta méjì ni, tàbí sálúbàtà méjì. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kan á fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, á máa fi gìgísẹ̀ ti ọmọ ìka, ẹsẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Wọ́n á wọn ti apá kejì kó lè dọ́gba. Nígbà tí eré bá gbóná, ẹni tó ń ṣọ́lé á máa fi gìgísẹ̀ sún òkúta wọlé díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò sì ní kúrò lára bọ́ọ̀lù. Ó dìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá kí ariwo tó sọ. "Ó wọlé!" "Kò wọlé!" "Ìwọ lo sún òkúta!" Wọ́n á tún padà fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ẹni tó sún un á sì máa búra.

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: eré ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan yí ìwọ̀n padà, ìyípadà náà sì ṣe é láǹfààní. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí ẹ tó lo gbólóhùn náà. Onílé tó fi owó kún owó ilé lọ́dún tuntun ò sún òpó. Ó lè jẹ́ ọ̀dájú, ṣùgbọ́n ọdún tuntun, eré tuntun ni. Onílé tó ní kí ẹ mú owó ọdún kan wá, tí ẹ gbé e dé, tó wá ní ó ti di ọdún méjì, tó tún ní ẹ ò tíì san owó àgíríìmẹ́ǹtì àti owó ẹni tó mú yín wá, òun gan-an ló sún un.

Ní ti "shift" àti "move": mi ò ní pe "shift" ní àṣìṣe lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà, èdè wa nìyẹn, a sì ń gbọ́ra wa yé. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò, kí ọmọ kọ "move", kó sì kọ òpó ní ọ̀pọ̀, torí méjì ni wọ́n. Àríyànjiyàn lórí máàkì kan ò ṣe é ṣe lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde.

Níbi bọ́ọ̀lù yìí náà ni mo ti fẹ́ dá "park the bus" sí. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Èkó ni wọ́n ti ń sọ ọ́, "wọ́n ti páàkì bọ́ọ̀sì", ìyẹn ni pé gbogbo wọn kó ara wọn sẹ́yìn láti dí ojú ilé. José Mourinho ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí Chelsea tirẹ̀ àti Tottenham gbá òmì láìsí góòlù. Ó ń ṣàròyé pé àwọn wọ̀nyẹn gbé bọ́ọ̀sì wọn wá sójú ilé. Lónìí, òun gan-an ni wọ́n ń fi bú jù. Ọ̀rọ̀ ò gbé lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

* * *

Ìbéèrè kan dé láti Houston. Ọmọ Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní ọ̀gá òun sọ pé òun máa "take a rain check" lórí oúnjẹ ọ̀sán tí òun pè é sí, òun sì rò pé ó fẹ́ lọ wo bóyá òjò máa rọ̀. Ó dúró dè é.

Àbúrò, tíkẹ́ẹ̀tì béésìbọ́ọ̀lù ni. Bí òjò bá da eré rú, wọ́n á fún òǹwòran ní ẹ̀tọ́ láti padà wá lọ́jọ́ mìíràn láì sanwó. Ọ̀gá rẹ kọ̀ ọ́ tìtìjú-tìtìjú, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Tún un pè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún sọ ọ́, má pè é mọ́.

Èyí tó kù tó o máa gbọ́ níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́: "ballpark figure" ni iye tá a fojú dá, wọn ò ní fi mú ọ bó bá yẹ̀ díẹ̀. "Touch base" ni kẹ́ ẹ bára yín sọ̀rọ̀ ráńpẹ́, kì í ṣe ìpàdé. "Curveball" ni ohun tó yà bàrá lójijì nígbà tó ti ń bọ̀ tààrà. "Step up to the plate" kò kan abọ́ oúnjẹ. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan ni, ó wà nílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù máa dúró sí, gbogbo ojú á sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé fún ọ.

* * *

Kíríkẹ́ẹ̀tì. Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ní eré àwọn aláìníṣẹ́ ni, pé kò sí ohun tó fi sílẹ̀ fún wa. Mo ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń pe góòlù mẹ́ta tí ẹnì kan gbá wọlé nínú eré kan. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ademola Lookman ṣe é fún Atalanta ní Dublin ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nínú àṣekágbá Europa League, a sì pariwo "hat-trick" títí ọ̀fun wa fi há.

Kí ni fìlà ń wá nínú bọ́ọ̀lù? Kíríkẹ́ẹ̀tì ló gbé e wá. Ní ọdún 1858, ní pápá Hyde Park ní Sheffield, H. H. Stephenson ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta léraléra, ó sì yọ ẹni mẹ́ta kúrò lójú eré. Àwọn òǹwòran dáwó jọ, wọ́n fi ra fìlà fún un. Láti ibẹ̀ ló ti wọ inú bọ́ọ̀lù, ó wọ inú ìṣèlú, títí dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó gba kọntíráàtì mẹ́ta tẹ̀léra.

Ẹ kíyè sí i pé léraléra ni ti kíríkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù ló ti dẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń bá ará Íńdíà tàbí ará Pakistan sọ̀rọ̀, kí ẹ rántí.

"Sticky wicket" náà wà níbẹ̀: ilẹ̀ tí òjò pa tí oòrùn wá ń gbẹ, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sọ ibi tó máa ta sí. Ipò tó le ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó wà nínú rẹ̀. "It's not cricket" kò fẹ́ àlàyé púpọ̀. Ìwà tí òfin lè má kà sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọlúàbí ò ní hù.

* * *

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbọ́ gbogbo ìtàn tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹnì kan kọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú pé "back to square one" wá láti ọ̀dọ̀ rédíò BBC. Apá kan nínú ìtàn rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní ọdún 1927, BBC kọ́kọ́ sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, Arsenal àti Sheffield United ní Highbury. Wọ́n tẹ àwòrán pápá sínú ìwé ìròyìn wọn, wọ́n pín in sí ojú mẹ́jọ pẹ̀lú nọ́ńbà, ẹnì kan á sì máa pe nọ́ńbà ibi tí bọ́ọ̀lù wà fún ẹni tó ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í bẹ̀rẹ̀ ní ojú kìíní. Àárín pápá ni wọ́n ń gbé e padà sí. Èyí tó bá ọgbọ́n mu ni eré ejò àti àkàsọ̀, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn pátákó lúdò wa. O ti gun òkè, ó ku díẹ̀ kó o dé orí, ejò gbé ọ mì, o bá ara rẹ nísàlẹ̀. Ẹni tó kọ gbólóhùn yìí sínú ìwé ọrọ̀ ajé kan ní ọdún 1952 dárúkọ eré yẹn pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Eré náà ti Íńdíà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń lò ó láti kọ́ ọmọ nípa ìwà rere àti ìwà burúkú.

Ìyàtọ̀ wo ló ṣe? Ó ṣe púpọ̀. Ẹni tó bá ti rí ejò mọ̀ pé ohun tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ló parẹ́. Ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ kankan ò lè padà sí "square one".

* * *

A ti ya gba ìdí ìṣèlú. Mi ò lè dá yín lẹ́bi, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹṣin kó sí.

"Dark horse" kọ́kọ́. Kì í ṣe ẹṣin dúdú, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹṣin tí agbára rẹ̀ ṣókùnkùn sí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ni. Benjamin Disraeli lò ó nínú ìwé ìtàn kan ní ọdún 1831, kó tó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1844, James Polk, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fọkàn sí, gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ Democrat ní Baltimore, ó sì di Ààrẹ Amẹ́ríkà. Nítorí náà gómìnà tó ti lo sáà méjì tó ń bọ̀ wá du ipò Ààrẹ kò lè jẹ́ "dark horse", bí oníròyìn bá tiẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Èkéjì ni "first past the post", pé ẹni tí ìbò rẹ̀ bá ti pọ̀ jù ló wọlé, bí ẹṣin tó kọ́kọ́ kọjá òpó ìparí. Ẹnì kan ní ètò ìdìbò Ààrẹ tiwa nìyẹn. Rárá o. Ní Nàìjíríà, ìbò tó pọ̀ jù nìkan ò tó, o gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́rin kan ìbò nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Àwọn àgbà inú wa rántí ọdún 1979. Ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà náà, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan. Shehu Shagari ní ìdá mẹ́rin kan ìbò yẹn ní ìpínlẹ̀ 12. Ṣé ó gbọ́dọ̀ pé 13 ni, àbí ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ kẹtàlá, ti tó? Agbẹjọ́rò Richard Akínjídé jà á fún Shagari, Awólọ́wọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ, ó pàdánù, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣọ́ sì ta ko ìdájọ́ náà. Ibi tí òpó ìparí dúró sí gan-an ni wọ́n ń jà sí, lẹ́yìn tí ẹṣin ti sá eré tán. Mi ò ní jẹ́ ká tún ẹjọ́ yẹn dá níbí. Mo kàn ní kí ẹ wò ó bí gbólóhùn ṣe ń yé èèyàn sí i nígbà tó bá rí òpó.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ní eré ẹṣin kò kàn wá, Race Course ni wọ́n ń pe ibi tí Tafawa Balewa Square wà báyìí ní Ọ̀nìkan, láyé àtijọ́. Ẹṣin ni wọ́n ń sá níbẹ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa àsíá Nàìjíríà sókè ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Ẹ mú ọmọ yín lọ wo àwọn ère ẹṣin funfun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà.

* * *

Mo ti ní màá dé ìdí ọ̀rọ̀ tiwa. Ará Ọ̀fà kan bínú, ó ní "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà", kí ló dé tí ọmọ ò kọ́ ọ̀rọ̀ ìjàkadì àti ti ayò kó tó kọ́ ti ẹ̀ṣẹ́? Inú mi dùn sí ìbéèrè náà. Ọmọ tó mọ̀ pé nínú ìjàkadì, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ló pàdánù, ti mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ nípa alágbára pé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í kanlẹ̀. Ọmọ tó ti jókòó tì ọpọ́n ayò, ojú 12, ọmọ ayò 48, tó ti gbọ́ bí àwọn òǹwòran ṣe ń fi ẹni tó ń pàdánù ṣe yẹ̀yẹ́, mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀ta àti ọ̀pẹ. Kò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹnì kan ní ọ̀pẹ.

Ohun tí mi ò gbà ni kí ti wa rọ́pò tiwọn nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń dán ọmọ wò lórí rẹ̀. Ní kíláàsì, mo máa ń ti ìdí tiwa bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí ọmọ méjì jáde wá dúró bí ẹni fẹ́ jà gídígbò, kí àwọn tó kù sọ ìgbà tí ìjà parí. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ̀ pé eré kọ̀ọ̀kan ló ní àmì ìparí tirẹ̀, ẹ̀yìn, ilà, agogo, táwẹ̀lì, òpó, wọn kì í ṣi ti Gẹ̀ẹ́sì sọ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ní ìdánwò ti sún mọ́lé, kí ni kí òun ṣe ní báyìí. Ẹ gba ìwé ọmọ, ẹ kọ orúkọ eré síwájú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, ó ti mọ̀ ọ́n. Ti ẹ̀ṣẹ́ àti ti ẹṣin, ẹ fi fídíò hàn án lórí fóònù, ọ̀kan ọ̀kan tó. Ti gọ́ọ̀fù kì í pọ̀, "par for the course" ló máa ń wá jù: ohun tí wọ́n ti retí tẹ́lẹ̀ náà ni. Èyí tí kò bá ní eré kankan, bíi "play to the gallery" tó wá láti ilé tíátà, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ ọmọ yunifásítì kan ní Ìfẹ̀: ṣé "last card" tí a ń sọ wà nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn? Ó wà, wọ́n máa ń sọ pé ẹnì kan ti lo káàdì rẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyẹn ni pé kò sí ọgbọ́n mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Tiwa wá láti inú wọ́ọ̀tì, ọ̀nà tiwa sì yàtọ̀. Nínú wọ́ọ̀tì, ẹni tó bá kígbe "láàsì káàdì" ti fẹ́ jáde. Bí kò bá kígbe, wọ́n á fìyà jẹ ẹ́. Àwọn tó kù ló wà nínú wàhálà, wọ́n ń wá káàdì tí wọ́n máa fi dá a dúró. Nítorí náà bí òṣèlú kan bá ní èyí ni láàsì káàdì òun, kí ẹ kọ́kọ́ wo bóyá wọ́ọ̀tì ló ń ta, àbí káàdì Òyìnbó. Èmi rò pé ti wọ́ọ̀tì ló yẹ kí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Nàìjíríà kọ sílẹ̀ kọ́kọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó sọ tirẹ̀.